Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Létí Ìfọ̀

Ọkùnrin tí mo fi ọdún mẹ́fà jù lọ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí. Bí ilé ọkọ ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, àbúrò ọkọ mi ti wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹ ẹran ìyàwó. Nítorí pé ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, ọkọ mi lòun náà. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé, orúkọ tó wá mọ́ gbogbo ẹbí lẹ́nu, nítorí bírò tó máa ń kì bọ àpò àyà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i kó kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Èmi ń pè é ní "ẹ", òun ń pè mí ní "ìwọ", ó sì máa ń fa ìwọ yẹn gùn lẹ́nu.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀ kí wàhálà tó dé rárá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àárín wa dán mọ́rán tẹ́lẹ̀, kó lọ bi ẹlòmíràn.

Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ìbafò là ń gbé, lápá ìsàlẹ̀ tí ilé tuntun ò tíì dé nígbà yẹn, níbi tí ọ̀nà ti já sí Odò Ògùn. Òdìkejì odò náà, ilẹ̀ Ìfọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba títì lọ síbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ lọ fi Èkó yípo, kó jókòó títí ìdí á fi máa ta á. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ wa, kí ó tó fi ẹ̀pà díẹ̀ panu, ó ti gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbé gàrí àti ẹ̀gẹ́ láti oko Ìfọ̀ wá tà létí títì márosẹ̀, àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé ní Magboro, àwọn tíṣà, àwọn tó ń lọ kí àna wọn, gbogbo wọn là ń gbé. Ọkọ̀ pákó gígùn kan ni, ẹ́ńjìnnì kan wà ní ìdí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fa okùn rẹ̀ kó tó dáhùn. Ọwọ́ irin kan yọ lára ẹ́ńjìnnì náà, òun ni ẹni tó ń wà á máa ń dì mú láti darí ọkọ̀. Bọ́tìnì pupa kan wà lórí ọwọ́ yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí inú rírun mú ọkọ mi lọ, ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún mi, èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkọ̀ yẹn là ń jẹ, òun là ń mu. Ọkọ mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á nígbà ayé rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn kí obìnrin níṣẹ́ lọ́wọ́ o, oorun ọ̀sán ló máa ń mú un. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo so ìró mi, mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo fa okùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Akọ̀wé dé. Ó dúró sí etí omi, ó ń wò mí bí ẹni tó bá ewúrẹ́ nínú ilé ìdáná.

"Ìyàwó wa, odò kì í ṣe ibi obìnrin," ó wí. "Kó o fà á lé mi lọ́wọ́. Màá máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ."

"Ẹ ṣeun, Akọ̀wé," mo fèsì. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbìyànjú ná." Ohun tí mo sọ nínú ikùn mi, mi ò ní í kọ ọ́ síbí.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo ń gbé èèyàn mọ́kànlá lọ sí Ìfọ̀. Ó ku díẹ̀ ká gúnlẹ̀, mo ń yí ojú ọkọ̀ sí èbúté, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ìgbà òjò ni, omi sì ń ṣàn tagbáratagbára. Ó gbé wa lọ sísàlẹ̀ bí ewé, títí bíríkìlà kan fi di ẹ̀ka igi kan mú, tí a fi ń fa ẹ̀ka náà díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ fi kan ilẹ̀. Nígbà tí mo tún fa okùn, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ kejì kò kú. Ọjọ́ kẹta, ó tún kú.

Iṣẹ́ ríwáyà ni Akọ̀wé ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Mowé, ibẹ̀ ló ti ń tún iná ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti akẹ́rù ṣe. Olórí ẹbí wa ní Ìfọ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ránṣẹ́ sí i pé kó wá wo ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dé pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́. Ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó yọ pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo, ó fi sáńpépà fá a, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Ó fi ìka tẹ waya kọ̀ọ̀kan wò níbi tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ra.

"Iná ni ò dé," ó wí. "Gbogbo ohun tó bá ń kú tó ń jí báyìí, ibì kan wà tí iná ò ti dé déédéé. Tí mo bá ti rí ibẹ̀, ó parí."

Ó so ọkọ̀ mọ́ òpó ní etí Ìbafò níbẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó máa pariwo. Kò kú. Ó yí ojú sí mi. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń tẹ bọ́tìnì láìmọ̀? Kó o máa kíyè sí ọwọ́ rẹ o."

Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Akọ̀wé." Ọjọ́ méjì ni ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, létí Ìfọ̀, ó kú.

Ó tún wá. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì, èyí tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná. Ó tún so ó mọ́ òpó, ó tún tàn án, kò kú. Ọjọ́ méjì pé, ó kú. Ìgbà kẹta tó máa wá, bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé sórí ọ̀kadà wá láti Mowé. Ó ní iná tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà ti rẹ̀, kí a fi èyí ràn án lọ́wọ́. Mo wò ó.

"Akọ̀wé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì yìí, kò ní bátìrì rí. Ara rẹ̀ ló ti ń yí iná rẹ̀ jáde. Ibo lẹ fẹ́ so ó mọ́?"

"Ìwọ ò mọ̀. Dákẹ́ ná."

Ó wá ibi tí yóò so ó mọ́ títí òòrùn fi kan orí, kò rí. Ó wá pa gbogbo rẹ̀ dé, ó ní kí bátìrì ṣì wà nínú ọkọ̀ ná, òun ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbé bátìrì kiri lórí Odò Ògùn, ó gba àyè èèyàn kan, kò sì san owó ọkọ̀.

Ẹ má rò pé mo jẹ́ òpè. Mo ń ka ọjọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti fọwọ́ kan án, ọjọ́ méjì ni, lẹ́yìn náà ó di kíkú. Ta ni yóò jèrè tí mo bá sú àwọn èrò? Òun ni. Ta ló sọ pé odò kì í ṣe ibi obìnrin? Òun náà ni. Ọ̀rọ̀ pé kò mọ iṣẹ́, mi ò rò ó rárá. Ríwáyà tó ní ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mẹ́jọ. Mo gbà pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé ó ń ba ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́, ó sì ń ṣe é lọ́nà tí ojú ò fi ní í tètè rí i. Tí ó bá kí mi, mo ń kúnlẹ̀, mo ń fi eyín pa ètè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin kan jábọ́ sómi. Ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ fì, ó dìde dúró nítorí ìbẹ̀rù, ó sì ṣubú pẹ̀lú ike gàrí rẹ̀. A fà á jáde. Gàrí bá omi lọ. Olórí ẹbí gbọ́, òun fúnra rẹ̀ sì wá sí èbúté. Bàbá náà kì í ṣe ìkà, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ò gbọdọ̀ wà lọ́rùn ẹbí yìí," ó wí. "Ìpàdé ẹbí ń bọ̀ ní òpin oṣù. Tí ọkọ̀ yìí bá kú pẹ̀lú èèyàn nínú lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di ọjọ́ náà, Akọ̀wé ni yóò gbà á. Yóò tún un ṣe dáadáa tàbí kó tà á, yóò sì máa bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìpàdé pé, ẹ́ńjìnnì kú. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú ọkọ̀, gbogbo èbúté ló sì rí wa bí a ṣe ń fi ọwọ́ àti abọ́ ìgbọ́nmi tukọ̀. Ìròyìn ti dé ilé olórí ẹbí kí aṣọ mi tó gbẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé mi lọ́jọ́ yẹn, mo ń wo àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn, mo mọ̀ pé mo ti pàdánù ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè gbà mí: kí n fi hàn níwájú ẹbí pé ọwọ́ Akọ̀wé ló ń pa á.

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ wá ẹ̀rí. Mo so ọkọ̀ mọ́ òpó, mo ṣí ìdérí, mo ń wá ohun tó fi síbẹ̀: waya tó gé ku díẹ̀, nọ́ọ̀tì tó tú, irin tó kì bọ ibi tí kò yẹ. Mi ò rí nǹkan kan. Gbogbo ohun tó fọwọ́ kàn ló mọ́ tónítóní. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i. Mo fa okùn, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó ń ṣiṣẹ́ geere.

Mo wá bi ara mi ní ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹnì kan ti bi mí tipẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé létí Ìfọ̀ ló máa ń kú, tí kì í kú létí Ìbafò? Omi kan náà ni. Epo kan náà ni. Kí ni mò ń ṣe lọ́hùn-ún tí mi ò ń ṣe níbí? Ní Ìbafò, tààrà ni mò ń wọlé. Ní Ìfọ̀, èbúté náà kọjú sókè omi, àfi kí n ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì sí òsì pátápátá kí ojú ọkọ̀ tó lè yí. Akọ̀wé ń kọ́? Mọ́ òpó Ìbafò ló máa ń so ó, ọwọ́ ẹ́ńjìnnì á wà ní tààrà, bí ìgbà tí wọ́n bá páàkì mọ́tò.

Mo ti ọwọ́ náà sí òsì. Ó húkọ́, ó kú.

Mo dá a padà, mo fa okùn, ó dáhùn. Mo tún tì í, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn waya mú lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń ti ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé orí waya tó wá láti bọ́tìnì pupa, iná gbá mi dé èjìká. Mo bú ìyá ẹni tó ṣe é. Mo wá tẹjú mọ́ ibẹ̀. Waya náà gba ihò kan kọjá lára irin. Rọ́bà tó yẹ kó yí ihò yẹn ká ti yọ tipẹ́, etí irin sì ti fá ara waya náà títí bàbà inú rẹ̀ fi yọ síta. Ìgbàkigbà tí ọwọ́ bá lọ sí òsì, bàbà yẹn á fara kan irin.

Mo yọ waya bọ́tìnì náà níbi tí wọ́n ti so ó. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo tì í sí òsì, mo tì í sí ọ̀tún. Kò kú. Mo tẹ bọ́tìnì pupa, kò kú bákan náà. Àfi ìgbà tí mo fa ṣókù, èyí tó ń jẹ́ kí epo pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí epo bò ó mọ́lẹ̀, ló tó kú. Ìgbà yẹn ló yé mi. Tí wọ́n bá fẹ́ pa mọ́tò, wọ́n á gé iná rẹ̀. Ohun tí Akọ̀wé kọ́ nìyẹn, ohun tó sì mọ̀ nìyẹn: ohun tó bá kú, iná ni ò dé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti omi yìí, tí wọ́n bá fẹ́ pa á, wọn kì í gé iná. Bọ́tìnì yẹn ń so waya pọ̀ mọ́ ara irin ni, iná á sá lọ sára irin, pílọ́ọ̀gì ò sì ní í rí nǹkan kan mọ́. Waya tó fá yẹn ló ń tẹ bọ́tìnì fún wa láàárín odò. Akọ̀wé ń wá ibi tí iná ò dé, bẹ́ẹ̀ ibi tí kò yẹ kí iná lọ ló ń lọ. Bó sì ṣe ń fi ìka tẹ waya kọ̀ọ̀kan wò, waya náà á sún kúrò lára irin díẹ̀. Ọjọ́ méjì, á tún sún padà.

Kò bà á jẹ́. Kò mọ̀ ni. Ta ló yọ rọ́bà ihò yẹn? Ọkọ mi ni, ọdún méjì kó tó kú, rọ́bà náà jábọ́ sómi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á ra òmíràn. Èmi gan-an wà níbẹ̀.

Mo gé rọ́bà inú kẹ̀kẹ́, mo fi wé waya náà nípọn, mo fi tépù dúdú dè é. Mo sọdá lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn. Kò kú, kò tilẹ̀ húkọ́.

Ẹ ó ní, ó tán, kó o lọ sọ fún ẹbí pé o ti rí i. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ohun tí bàbá sọ ni pé tí ó bá kú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti kú lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú gbogbo èbúté ló ṣe. Tí mo bá sọ pé waya ló fá, ọ̀rọ̀ bàbá ṣì dúró, ọkọ̀ lọ. Tí ó bá jẹ́ pé Akọ̀wé ló ń pa á, ọ̀rọ̀ bàbá wó. Òtítọ́ á gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ mi, irọ́ á bọ́ wọn. Mo yan irọ́. Mi ò pẹ́ kí n tó yàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ta ni mo rí ní èbúté Ìbafò? Akọ̀wé ni, nínú bùbá funfun. Òun náà ń lọ sí Ìfọ̀, ọ̀dọ̀ wa sì ni ọ̀nà yá. Mi ò lè sọ pé kó má wọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó wọlé, ó jókòó síwájú mi, ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tiwọn.

Ní etí Ìfọ̀, mo ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì sí òsì pátápátá. Ọkọ̀ yí, ẹ́ńjìnnì ń pariwo lọ. Mo rí i tó di etí ọkọ̀ mú, tó ń retí kó kú. Kò kú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ìdérí, níbi tí waya ti wọlé. Rọ́bà kẹ̀kẹ́ yọ síta díẹ̀ níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ara irin ló ń kàn," ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ohun tí ẹ ń sọ ò yé mi, Akọ̀wé."

Ó gbójú sókè wò mí. Mo wo omi.

Nínú ìpàdé, mo wà lórí eékún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ méjì méjì, bátìrì, ọ̀rọ̀ tó sọ nípa obìnrin àti odò. Mo sọ pé ó ń ba ọkọ̀ jẹ́ kó lè gbà á lọ́wọ́ opó. Mo sunkún, ẹkún náà kì í ṣe irọ́. Àwọn àgbà ń mirí. Ìyá kan lára wọn pòṣé, ó pè é ní olè ojú ọ̀sán. Olórí ẹbí ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́.

"Akọ̀wé, ìwọ lo ń bà á jẹ́?"

"Rárá, Bàbá. Mi ò bà á jẹ́."

"Kí ló wá ń ṣe é? Ìwọ lo mọ iṣẹ́ iná."

Gbólóhùn kan ló kù. Kó sọ pé, ẹ bi í léèrè waya tó fi rọ́bà wé lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá rán ọmọ kan lọ sí èbúté, kó ṣí ìdérí, ó parí fún mi. Ó wò mí. Mo tẹjú mọ́ ọn padà, mo kórìíra rẹ̀ débi pé eyín ń dùn mí.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wa máa lo ọkọ̀ rẹ̀."

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ríwáyà, ó jókòó láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n gbà pé ẹ̀bi rẹ̀ ló dí i lẹ́nu. Bàbá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn mọ́ títí ayé, kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, títì ló gbà padà sí Mowé, ó fi Èkó yípo. Èmi bọ́ sínú ọkọ̀ mi, mo sọdá, ẹ́ńjìnnì ń ké geere.

Ọkọ̀ yẹn ló rán àwọn ọmọ mi níléèwé. Akọ̀wé kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò ní Mowé lọ sí Asese, kò sì wá sí ìpàdé ẹbí mọ́. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ṣì ń pè é ní ẹni tó fẹ́ fi omi pa èrò inú ọkọ̀ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò bá wọn sọ ọ́, mi ò sì sọ fún wọn pé irọ́ ni. Bóyá ojú ló tì í pé iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ló já a kulẹ̀. Bóyá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rò. Mi ò bi í. Ká ní ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá pàdánù ọkọ̀, ǹ bá sì máa kórìíra rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kò sọ̀rọ̀. Mi ò tíì dárí èyí jì í.